Ìrànwọ́ Aláàbọ̀: Bí Àwọn Alágbára Ayé Ṣe Ṣìṣirò Nínú Ogun Biafra

Àkúrẹ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn olùkọ́ ìtàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbà ìlú tó wá gbọ́. Mo tún un tò kó lè rọrùn láti kà, mo sì fi ìbéèrè tí bàbá kan bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wá láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́ níbí, tó gba ìlú Oǹdó kọjá, yóò já sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà wa ti pàdé ọ̀nà Èkó sí Benin. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibẹ̀ nínú wa. Ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Onitsha, Owerri àti Aba ti ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ìyá olóúnjẹ á máa bu ọbẹ̀, dẹ́rẹ́bà á máa fọn fèrè pé ó ti tó, ẹ jẹ́ ká lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ogun dé ibẹ̀. Àwọn ṣọ́jà Biafra, ìyẹn ìhà Ìlà Oòrùn Nàìjíríà tó ní òun ti ya kúrò, ti gba Benin ní ọjọ́ 9 oṣù náà. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ọ̀gágun tó ṣáájú wọn, ìhà Èkó ni wọ́n sì dojú kọ. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró. Ìjà náà le débi pé títí dòní, bí ọ̀rọ̀ kan bá ti kọjá agbára ẹni, àwọn àgbà á ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!"

Nínú oṣù yẹn kan náà, ní pápákọ̀ òfuurufú Kano, àwọn bàlúù ogun láti Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba tí Rọ́ṣíà ń darí nígbà náà, àti Czechoslovakia ń balẹ̀. Àwọn tó ń jà ní Ọ̀rẹ̀ kò mọ̀, àwọn tó sá wọ inú oko kòkó kò mọ̀, ṣùgbọ́n ogun náà ti kúrò ní ti ọmọ Nàìjíríà nìkan.

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ogun yìí, Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, àti Ojukwu, olórí Biafra, la máa ń mẹ́nu bà, à ń sọ ti ìpàdé Aburi ní Ghana tí àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ kí ogun tó dé, à ń sọ ti ìpànìyàn ọdún 1966 tí wọ́n ti pa àwọn Igbo ní Àríwá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwa fúnra wa la dá ogun náà sílẹ̀, mi ò sì wá síbí láti gbé ẹ̀bi wa lé àlejò lórí. Àmọ́ ogun tí Èkó, ibùjókòó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni, tí gbogbo ayé rò pé yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oṣù 30 ló gbà, láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967 títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ohun tó fà á gùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lójú tèmi, ìrànwọ́ aláàbọ̀ ni. Lọ́ńdọ̀nù, Moscow, Paris, Washington, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá sí i níwọ̀n tí ẹni tó fẹ́ràn kò fi ní í ṣubú. Kò sí èyí tó dá sí i níwọ̀n tí ogun fi máa parí. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo Nàìjíríà bí Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ibòmíràn ni wọ́n ń wò lára wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ló mọ̀ wá jù. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni Ojukwu kéde Biafra. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi jà, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi Suez tí ọkọ̀ epo ń gbà ti dí, àwọn Lárúbáwá kan sì ní àwọn kò ní í ta epo fún Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá epo tí Gẹ̀ẹ́sì ń rà wọlé nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Shell-BP ló ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní ìpín tirẹ̀ nínú BP. Harold Wilson, olórí ìjọba wọn, kò lè jẹ́ kí epo yìí bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ìbéèrè wá dé: ta ni kí wọ́n san owó epo fún, Èkó ni àbí Enugu, olú ìlú Biafra? Shell-BP fẹ́ san £250,000 fún Enugu láti fi tù wọ́n lójú. Nígbà tí Èkó gbọ́, wọ́n fi ọkọ̀ ogun ojú omi dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ epo pàápàá. Nígbà tó di ìparí oṣù Keje, àwọn ṣọ́jà tí Benjamin Adekunle kó sòdí já wọ Bonny, níbi tí wọ́n ti ń gbé epo sọ́kọ̀. Ẹni tó bá mú Bonny ló mú ẹnu odò. Láti ìgbà náà ni Lọ́ńdọ̀nù ti mọ ibi tí òun máa dúró sí.

Àmọ́ ẹ wo bó ṣe dúró. Ó ta ìbọn, ọta àti ọkọ̀ ogun onírin fún Èkó, ó ní òun náà lòun ti ń tà á fún wọn tẹ́lẹ̀. Èkó béèrè bàlúù ogun, ó kọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni pé bí òun bá fún wọn ní díẹ̀, wọn ó tètè ṣẹ́gun, kí àwọn ará ilé òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ń lọ. Wọn kò tètè ṣẹ́gun. Èkó kọjú sí Moscow, Moscow kò sì jẹ́ kí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù jù lọ ní Áfíríkà nígbà náà ni pé kí Sófíẹ́ẹ̀tì má ráyè wọlé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣí ilẹ̀kùn fún un. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí àwọn aṣòfin rẹ̀ ń béèrè pé kí ló dé tí kò dẹ́kun títa ìbọn, ó ní bí òun bá dẹ́kun, Rọ́ṣíà ni yóò gba ipò òun. Rọ́ṣíà tí kíkọ̀ tirẹ̀ pè wá!

Ó tún ṣìṣirò lórí àwọn ará ilé rẹ̀. Kò rò pé tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn lè gbé àwòrán ọmọdé tí ebi ti sọ di eegun wọ inú pálọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1968 àwòrán yẹn wà níbi gbogbo, àwọn èèyàn tú jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù láti fẹ̀hónú hàn. Ìjọba kò lè fi gbogbo ọwọ́ ran Èkó mọ́, kò sì lè fi Èkó sílẹ̀. Àárín méjì yẹn ló wà títí ogun fi parí.

Ti Sófíẹ́ẹ̀tì kò gùn lẹ́nu mi. Wọ́n kó bàlúù MiG-17 àti L-29 wá, nígbà tó yá wọ́n mú Ilyushin kún un. Àwọn ará Íjíbítì wà lára àwọn tó ń wà wọ́n. Bọ́ǹbù bọ́ sórí ọjà, ó bọ́ sórí ilé ìwòsàn, Moscow kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ pọ̀ jù ní Áfíríkà yóò fara mọ́ wọn. Wọn kò wo ẹni tí wọ́n ń bá dòwò pọ̀. Gowon fúnra rẹ̀, Sandhurst ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gágun rẹ̀ náà sì gba ibẹ̀ kọjá. Ogun parí, owó epo dé, Nàìjíríà padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti ń bá rajà tipẹ́. Ohun tó kù nílẹ̀ tí ojú rí láti inú ọ̀rẹ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta, tí kò tíì yọ́ irin títí dòní.

Faransé ni ó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń yìn.

Ẹ rántí ẹni tí de Gaulle, ààrẹ Faransé nígbà náà, jẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1967, ogun wa kò tíì pé oṣù kan, ó dúró ní Montreal ní Kánádà, ó kígbe pé kí Québec wà lómìnira. Ohunkóhun tó bá lè dín agbára àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kù láyé, inú rẹ̀ á dùn sí i. Nàìjíríà sì rèé, ńlá, elédè Gẹ̀ẹ́sì, láàárín Dahomey (Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lónìí), Niger, Chad àti Cameroun tí wọ́n jẹ́ ọmọ Faransé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Gabon àti Ivory Coast, tí wọ́n sún mọ́ Paris dáadáa, fọwọ́ sí Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Tanzania ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, Zambia tẹ̀ lé wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ìjọba Faransé wá kéde pé ó yẹ kí àwọn ará Biafra pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fúnra wọn. Ẹ wo bí ìkéde yẹn yóò ti rí létí ẹni tó wà ní Umuahia, tó ti di olú ìlú Biafra nígbà náà, pẹ̀lú rédíò ní ẹ̀gbẹ́ etí. Ó dájú lójú rẹ̀ pé Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí i nìyẹn, pé bó bá fọwọ́ sí i, Yúróòpù á tẹ̀ lé e.

Faransé kò fọwọ́ sí i. Kò fọwọ́ sí i títí ogun fi parí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, de Gaulle bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ó ní òun ń ran Biafra lọ́wọ́ bí agbára òun ṣe mọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí náà sílẹ̀ bí ohun tó ṣì lè wáyé lọ́jọ́ iwájú. Nínú oṣù yẹn, Aba ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Owerri náà bọ́. Biafra ti ń mí èémí ìkẹyìn. Ìgbà yẹn ni ìbọn àti ọta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti Libreville àti Abidjan, Biafra sì tún gbérí. Wọ́n gba Owerri padà ní oṣù Kẹrin ọdún 1969. Ṣé ìṣẹ́gun nìyẹn? Nínú oṣù kan náà ni Umuahia bọ́ lọ́wọ́ wọn, de Gaulle sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní Paris. Oṣù mẹ́sàn-án sí i ni wọ́n tún fi jà, wọ́n ń retí ohun tí ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ kò fìgbà kankan ní lọ́kàn láti ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ wo Uli dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò wọ̀nyí ti pàdé. Títì ọlọ́dà ni Uli, lára ọ̀nà tó ti Owerri lọ sí Onitsha. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n sọ ọ́ di pápákọ̀ òfuurufú. Òru nìkan ni bàlúù ń bà síbẹ̀. Awakọ̀ á ti orí òkun bọ̀ nínú òkùnkùn, láti São Tomé tí àwọn Potogí ń ṣàkóso tàbí láti Libreville, á pa gbogbo iná tó wà lára bàlúù, á máa yí po lókè. Àwọn tó wà nílẹ̀ á tan iná ojú ọ̀nà fún un fún ìgbà díẹ̀. Bí táyà bá ti kan ilẹ̀ báyìí, iná kú. Bàlúù ìjọba àpapọ̀ lè wà lókè tó ń dúró de iná yẹn pẹ̀lú bọ́ǹbù. Àwọn ọ̀dọ́ á sáré bọ́ síta, wọ́n á máa já ẹrù: panla, iyọ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun, oògùn. Lórí títì kan náà, lóru kan náà, bàlúù mìíràn wà tó ń já àpótí ọta.

Ọ̀rọ̀ panla àti ọta lórí títì kan yìí ló dà mí láàmú jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Èkó ní òun kò lè gbà kí bàlúù oúnjẹ máa lọ lóru láìyẹ̀ wọ́n wò, nítorí òun mọ ohun tó ń bá wọn rìn. Biafra ní òun kò gba oúnjẹ tó bá gba ọwọ́ Èkó kọjá, pé májèlé lè wà nínú rẹ̀. Ìbọn Faransé fara pamọ́ sí ẹ̀yìn panla àwọn ìjọ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, bàlúù MiG tí Sófíẹ́ẹ̀tì tà fún wa já bàlúù Red Cross kan lulẹ̀, Red Cross sì dá ìrìn wọn dúró. Àwọn tó kú nítorí ìyẹn kò sí lára àwọn tó jókòó ṣírò ní Paris tàbí Moscow.

Kí n sì má fi tiwa pamọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló dí ọ̀nà oúnjẹ, Olóyè Awólọ́wọ̀, baba wa, sì ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ní oṣù Kìíní ọdún 1968, tí owó tó wà lọ́wọ́ Biafra di bébà. A kò lè máa ka ẹ̀ṣẹ̀ Faransé kí á fo tiwa.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣọ́jà rẹ̀ tó lé ní 400,000 wà ní Vietnam lọ́dún 1967, kò fẹ́ gbọ́ ogun mìíràn sétí. Ó ní òun kò ní í ta ìbọn fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Èyí ì bá dára, ṣùgbọ́n Dean Rusk, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wọn, tún fi kún un pé abẹ́ ìtọ́jú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wà. Ọdún méje lẹ́yìn òmìnira! Èkó bínú gan-an, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní ọdún 1968, nígbà tó ń du ipò ààrẹ, Nixon sọ pé wọ́n fẹ́ pa odindi ẹ̀yà kan run. Biafra yọ̀. Ó dépò tán, kò fọwọ́ sí Biafra, oúnjẹ ló fi kún. Johnson tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti ta bàlúù akẹ́rù C-97 mẹ́jọ fún àwọn tó ń kó oúnjẹ, ní ìparí ọdún 1968. Mi ò fojú kéré oúnjẹ yẹn, ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n Washington ló ní okun láti pe Lọ́ńdọ̀nù àti Paris jókòó, kò sì fi okun yẹn ṣe nǹkan kan.

Àwọn yòókù tún dá kún un. Pọ́túgà ran Biafra lọ́wọ́ nítorí ó ń bá àwọn ọmọ Áfíríkà jà ní Àǹgólà àti Mozambique, inú rẹ̀ dùn kí Áfíríkà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ìjọba aláwọ̀ funfun ti Rhodesia àti South Africa náà wà níbẹ̀. Ṣáínà ń yìn Biafra kí ó lè bú Sófíẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Sófíẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń dà bí ológbò àti eku níbi gbogbo láyé, jọ wà lẹ́yìn ìjọba kan ṣoṣo; Faransé àti Ṣáínà àti àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lẹ́yìn èkejì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ogun yẹn jẹ́ apá kan ìjà láàárín Kọ́múníìsì àti Ìwọ̀ Oòrùn kò mọ ohun tó ń sọ.

Yorùbá ní ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Nínú ogun yìí, ẹlòmíràn ló pọ̀n ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ nípa rẹ̀ gbà pé ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó kú, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù, àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí olórí ìjọba kan ní Yúróòpù tó pàdánù ipò rẹ̀ nítorí wa. Ọ̀rọ̀ ilé tiẹ̀ ló lé de Gaulle lọ, ìbò ilé tiẹ̀ ló lé Wilson lọ ní 1970.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ohun àtijọ́ ni mò ń sọ. Ogun Sudan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023. Íjíbítì wà lẹ́yìn àwọn ológun ìjọba. Wọ́n fẹ̀sùn kan United Arab Emirates pé ó ń kó ohun ìjà fún àwọn RSF, ẹgbẹ́ ajagun tó ń bá àwọn ológun ìjọba jà, United Arab Emirates ní irọ́ ni. Ìlú El Fasher, tí wọ́n dó tì fún ohun tó lé ní ọdún kan tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, bọ́ sọ́wọ́ RSF ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Níbẹ̀ náà, kò sí alágbára kan tó ṣe ju ìwọ̀n tí ẹni tirẹ̀ kò fi ní í ṣubú lọ.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde lẹ́yìn. Ọmọ Igbo ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò nílùú yìí, Yorùbá rẹ̀ já geere ju ti àwọn ọmọ wa kan lọ. Ó ní ọmọdé lòun nígbà ogun, òun ò sì gbàgbé òórùn panla náà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti pín ẹ̀bi náà kárí. Ẹ̀bi tí wọ́n bá pín kárí, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Èwo ló jẹ̀bi jù nínú wọn?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ní, "Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ni." Mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Faransé ṣe ohun tí ó burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó Èkó láti dá ogun dúró. Sófíẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ wá rí. Amẹ́ríkà ní okun, kò bìkítà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ àwọn èèyàn náà lórúkọ, tó kọ́ àwọn ọ̀gágun náà níṣẹ́, tí ìbọn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Èkó láti ọjọ́ kìíní. Ó lè sọ fún Gowon ní oṣù Keje ọdún 1967 pé òun yóò ta nǹkan fún un, pé àwọn ohun báyìí báyìí ni òun ò gbọdọ̀ rí: bọ́ǹbù lórí ọjà, ọ̀nà oúnjẹ tó dí mọ́ ọmọdé. Gowon kì í ṣe òǹrorò, ó ṣeé ṣe kó gbọ́. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, Wilson kò wá sí Nàìjíríà títí di ìparí oṣù Kẹta ọdún 1969. Inú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Fearless ló dé sí, ní èbúté Èkó. Ó bá Gowon sọ̀rọ̀ lórí bọ́ǹbù tó ń bọ́ sórí àwọn tí kì í ṣe ṣọ́jà, Gowon sì fi dá a lójú pé àwọn ológun nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n máa jù ú lù. Ogun ti wọ oṣù kọkànlélógún nígbà náà.